Bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Dakar Ṣe Di Ẹni Tí Róòmù Yọ Lẹ́gbẹ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1988, ìwé kan jáde ní Vatican tó kéde pé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Marcel Lefebvre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ Àgùdà. Kádínà Bernardin Gantin, olórí ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ló fọwọ́ sí i. Ọmọ Dáhòmì ni Gantin, ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Nígbà tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù fún Kútọnu lọ́dún 1957, Lefebvre yìí kan náà ni aṣojú Póòpù fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe yí bírí báyìí, Áfíríkà ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Tourcoing ni wọ́n ti bí Lefebvre ní 1905. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn fadá Ẹ̀mí Mímọ́, ó dé Gàbọ̀n ní 1932, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ di àlùfáà ní Libreville. Ní 1947 wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó máa lọ sí Dakar. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀ ní 1962, Hyacinthe Thiandoum, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tí òun fúnra rẹ̀ fi jẹ àlùfáà, ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọlẹ ni, tàbí pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ọdún yẹn náà ni Àpérò Vatican Kejì bẹ̀rẹ̀. Lefebvre wà lára àwọn tó ti jókòó ṣètò àwọn ìwé tí àpérò yóò kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé jọ tán, wọ́n da èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nù. Òun àti àwọn tó ronú bíi tirẹ̀ kóra jọ, wọ́n ń bá àwọn yòókù fa ọ̀rọ̀ títí àpérò fi parí ní 1965.

Ẹni tó bá gbọ́ ìjà yìí lókèèrè á rò pé èdè Látìnì ló dá a sílẹ̀. Látìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ká Lefebvre lára jù ni ìwé tí àpérò ṣe lórí òmìnira ẹ̀sìn. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni má fipá mú ènìyàn ṣe ẹ̀sìn, kó má sì fipá dí i lọ́wọ́ èyí tó yàn. Àwa tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń jẹ nínú agboolé kan náà lè máa wò ó pé kí ló wá burú níbẹ̀. Lójú Lefebvre, ńṣe ni Ìjọ fi òtítọ́ àti irọ́ sí ìpele kan. Bí gbogbo ẹ̀sìn bá ní ẹ̀tọ́ bákan náà, kí ló wá gbé òun dé inú igbó Gàbọ̀n? Mo rò pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn, torí ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn máa wàásù, ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́pàá máa bá a wàásù. Síbẹ̀ mo rí ibi tó ti wá.

Ní 1969 ni Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí Mísà tuntun. Níbi tó pọ̀ jù, fadá kọjú sí ìjọ, èdè ìbílẹ̀ sì gba ipò Látìnì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ ṣe àlùfáà wá bá Lefebvre pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ti bàjẹ́, bíṣọ́ọ̀bù Fribourg ní Swítsálàndì fún un láyè láti dá Ẹgbẹ́ Pius Kẹwàá Mímọ́ sílẹ̀. Abúlé Écône ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ń kún nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Yúróòpù ń tú.

Róòmù rán olùbẹ̀wò méjì wá ní 1974. Ohun tí àwọn àlejò náà ń sọ bí Lefebvre nínú débi pé ó kọ ìkéde kan lóṣù náà gan-an: òun dúró ti Róòmù ayérayé, òun kò sì ní tẹ̀ lé Róòmù ìgbàlódé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ náà. Ní 1976, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ àlùfáà láìgba àṣẹ, wọ́n sì ní kó má ṣe iṣẹ́ àlùfáà mọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó ṣe Mísà ní Lille, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wá.

Ọjọ́ ogbó ló mú ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù kan kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò máa fi àlùfáà jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún 1988, òun àti Kádínà Joseph Ratzinger, tó ṣojú Róòmù, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọjọ́ kejì ni Lefebvre ti yẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, ó fi àlùfáà mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Écône láìgba àṣẹ Póòpù, Bíṣọ́ọ̀bù Antônio de Castro Mayer láti Brazil sì bá a gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ọjọ́ kejì ni ìwé Gantin jáde. Lefebvre kú ní 1991.

Bí o bá bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí, wọn kò ní gbà pé àwọn kúrò nínú Ìjọ. Wọ́n ń dárúkọ Póòpù nínú Mísà wọn. Àmọ́ wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ wọn pé kí wọ́n má lọ sí Mísà tí Póòpù ń ṣe. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti gbé sókè jù. Ẹni tó bá ti fi ara rẹ̀ ṣe adájọ́ lórí àṣẹ tó yẹ ní gbígbọ́ ti ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Lọ́dún 1983, kí Lefebvre tó fi àwọn mẹ́rin yẹn jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àwọn fadá mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà ti bá a jà pé òun pàápàá ti rọ̀ jù, ó sì lé wọn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní orí àga Pétérù ṣófo pátápátá, pé kò sí Póòpù mọ́. Lódì kejì, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 1988, àwọn fadá kan fi Écône sílẹ̀ wọ́n padà sọ́dọ̀ Róòmù, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Pétérù Mímọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe Mísà Látìnì wọn pẹ̀lú àṣẹ.

Ratzinger tó bá a fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́sí di Póòpù Benedict. Ní 2007 ó fún gbogbo àlùfáà láyè láti ṣe Mísà àtijọ́, ní 2009 ó sì mú ìjìyà kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ayé gbọ́ ohun tí Richard Williamson, ọ̀kan nínú wọn, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n Sweden, tó ní wọn kò fi gáàsì pa àwọn Júù. Ariwo ta. Ní 2012 ẹgbẹ́ náà lé e.

Póòpù Francis fún àwọn fadá ẹgbẹ́ náà láṣẹ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje 2021 ó ká àyè tí Benedict fi sílẹ̀ kò, ó ní wọ́n ń fi í ya Ìjọ. Àwọn tó gbọ́ràn ni òfin náà dé bá. Écône kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ṣe Mísà rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè gbà níbẹ̀. Fadá méjì láti Ẹgbẹ́ Pétérù Mímọ́ ló lọ bá Francis ní Róòmù ní oṣù Kejì 2022, kí ó tó kọ ìwé pé kí àwọn ní tiwọn máa bá a lọ.