Bí àlejò bá ṣàìsàn ní ilẹ̀ Faransé, ta ni yóò sanwó?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ìyá kan wà ní Kétu. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé ní Paris, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀: gààrí, ẹ̀gúsí, ọṣẹ dúdú. Aládùúgbò bi í pé: «Ìyá, bí àìsàn bá dé ńkọ́?» Ó dáhùn pé: «Faransé ni mò ń lọ o! Ọ̀fẹ́ ni ìwòsàn níbẹ̀.»

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Ta ni wọ́n ń sanwó ìwòsàn fún?

Ní ọdún 1945, ìjọba Faransé dá àpò owó kan sílẹ̀. Sécurité sociale ni wọ́n ń pè é. Ó jọ èésú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó síbẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn náà ń dá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, àpò náà ni í san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìwòsàn rẹ̀. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ náà lè wọ inú rẹ̀, bí ó bá ti ń gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìwé tó péye.

Ṣùgbọ́n físà àlejò kì í ju ọjọ́ 90 lọ. Àlejò kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kò sí nínú èésú náà. Káàdì ìwòsàn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ti ọmọ nìkan ni. Ẹ má ṣe fi káàdì ẹlòmíràn gba ìtọ́jú, òfin kò gbà á.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní AME. Ti tálákà tó ti ń gbé ibẹ̀ láìní ìwé ju oṣù mẹ́ta lọ ni. Kì í ṣe ti ẹni tí físà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni àlejò yóò ṣe?

Yóò ra asiránsì ìrìn àjò. Ẹ̀yin lè rà á, ọmọ yín náà lè rà á fún yín. Láìsí ìwé yìí, ẹ kò ní rí físà gbà. Asiránsì náà gbọ́dọ̀ lè san tó 30 000 euro, èyí ni 19 678 710 sẹ́fà. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe iye tí ẹ ó fi rà á nìyẹn. Owó tí ẹ ó san kéré sí i púpọ̀.

Asiránsì yìí wà fún àìsàn òjijì, fún dídá aláìsàn padà sílé, àti fún gbígbé òkú wálé bí ikú bá dé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sanwó àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí àìsàn òjijì bá dé, ẹ pe 15 tàbí 112 lórí tẹlifóònù. Ilé ìwòsàn ìjọba kò ní lé yín padà. Wọn yóò kọ́kọ́ tọ́jú yín. Lẹ́yìn náà ni ìwé owó yóò dé. Bí kò bá sí asiránsì, ọrùn yín àti ti ọmọ yín ni gbèsè náà yóò wà.

Kí ẹ tó lọ:

1. Ẹ lọ rí dókítà nílé.
2. Ẹ ra oògùn tí yóò tó yín títí ẹ ó fi dé. Ẹ mú ìwé dókítà pẹ̀lú rẹ̀.
3. Ẹ ka ìwé asiránsì. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ rẹ̀ tó ọjọ́ tí ẹ ó lò.
4. Ẹ fún ọmọ yín ní ẹ̀dà ìwé náà.

Àwọn àgbà ní: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kétu ni ìyá yóò ti mú asiránsì rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè

Kí ló dé tí àpò owó Faransé kì í sanwó fún àlejò?
Kí ni asiránsì ìrìn àjò wà fún?