Fatai Rolling Dollar: Gìtá tí a bí ní Ede, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé

Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé, "Bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í mọ̀ ọ́n." Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹ mọ́ ẹnì kan lára láàrin wa, Olóògbé Fatai Ọláyíwọlá Ọlágúnjú ni, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Fatai Rolling Dollar. Àgídìgbo ni ó kọ́kọ́ mú un wọ ẹgbẹ́ olórin, gìtá ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí àwa tí à ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀ràn tó mọ ohun tí ó ń lù.

Ìlú Ede ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 22 oṣù Júláì, ọdún 1927. Ede kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọ̀rọ̀ ìlù. Tìmì Adétòyèsè Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì tún fi kálámù kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè rí i kà. Ọba tí ó ń lùlù kò kéré láwùjọ.

Gìtá ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ wa. Ojú omi ni ó gbà dé. Àwọn atukọ̀ ọmọ Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà ni wọ́n gbé ọ̀nà títa rẹ̀ kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àtàńpàkò a máa ta okùn tí ohùn rẹ̀ wúwo, ìka ìlábẹ̀ a sì máa fa orin jáde lórí èyí tí ó fẹ́lẹ́. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1930, Túndé King ti sọ ọ́ di ti jùjú ní Èkó. Ní 1947, Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú gìtá oníná àti orin jáàsì, èyíinì orin tí àwọn ọmọ ẹrú Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, orin náà kò ṣe àlejò wá. Ilé ni ó padà sí.

Inú afẹ́fẹ́ yìí ni Fatai dàgbà sí. Ní 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin, ó sì ń lu àgídìgbo nínú ẹgbẹ́ J. O. Araba. Àgídìgbo yìí, ẹ̀yin tí ẹ ti rí i mọ̀ pé àpótí igi ni, tí a to ahọ́n irin sí lójú, tí onílù ń fi ìka ta. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ti mọ ahọ́n irin, okùn gìtá kì í ṣòro fún un. Ní 1957, Fatai dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe é ní African Rhythm Band. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo orin kéékèèké fún ilé-iṣẹ́ Philips.

Ohun tí ó jọ wá lójú jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àwo. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́. Ebenezer Obey, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń fi orin rẹ̀ gbọ́n lónìí, ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Orlando Owoh náà gba ibẹ̀ kọjá. Fatai kò ní pátákó ìkọ̀wé, kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan fún un, síbẹ̀ olùkọ́ ni.

Kí ni a wá fi san án fún un? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, ayé yí ẹ̀yìn sí irú orin tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì rọra parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kì í ṣe ọdún kan, kì í ṣe méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí tí wọ́n sì dàgbà tí wọn kò gbọ́ pé ẹnì kan wà tí ń jẹ́ Rolling Dollar, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà wà láàyè, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé okùn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú Ìlá-Ọ̀ràngún wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1928, ọdún kan péré lẹ́yìn ìbí Fatai, ni wọ́n bí Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére, ní Ìlá. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àreògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó fi ère rẹ̀ yí ayé ká, yunifásítì Ifẹ̀ sì gbà á sí iṣẹ́ kí ó lè kọ́ àwọn ọmọ. Títí ó fi kú ní 2009, kò sí ẹni tí ó lè wí pé a kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ọ̀ṣun ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn méjèèjì ṣe. Èwo ni ó mú kí ọ̀kan ní àga ní ilé ẹ̀kọ́, tí èkejì kò fi ní? Igi kì í yára jẹrà. Ó dúró kí á rí i. Orin, atẹ́gùn ni. Bí a kò bá gbá a mú lọ́jọ́ tí ó jáde, ó ti lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ẹjọ́ olórin ni, pé kí ó ti fi owó pamọ́ nígbà tí ayé ń yẹ ẹ́. A kò jiyàn pé ìfowópamọ́ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kọjá ti owó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìka àgbà kan kì í ṣe ogún tirẹ̀ nìkan, tiwa ni. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí àká baba rẹ̀ jóná kò lè torí pé baba náà kò ra omi sílẹ̀ kí ó wá máa rẹ́rìn-ín.

A dúpẹ́ pé àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn tí wọ́n ni Jazzhole, ilé ìtàwé òun àwo orin kan ní Ìkòyí, wá bàbá náà rí, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Orin rẹ̀ "Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà Wa" gba ìgboro kan, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń jó o. Wọ́n kó àwọn àgbà olórin mìíràn mọ́ ọn, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Fàájì Àgbà. Rẹ̀mí Vaughan-Richards sì ṣe fíìmù lórí wọn, tí ó jáde ní 2015. Bàbá kò dúró rí i. Ó ti kú ní ọjọ́ 12 oṣù Júnì, 2013, ní ẹni ọdún 85.

Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ kíyè sí ọjọ́ náà. Ogún ọdún géérégé ni ó pé lẹ́yìn ìbò 12 Júnì 1993, láti 2019 sì ni a ti ń fi í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba àwa-ara-wa. Nígbà ìpolongo, olórin ni à ń kọ́kọ́ wá kí èrò lè pé. Bí a bá ti dìbò tán, tani í bèèrè ibi tí ó sùn? Ẹgbẹ́ tí ó bá ń wí pé ti mẹ̀kúnnù ni òun ń ṣe, kí ó fi ilé àkójọ orin kan hàn wá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí a ó ti máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà àti ní Ede, tiyín kò ní kí á dúró de ìjọba. Ní ọ̀sẹ̀ tí 12 Júnì bá bọ́ sí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ gìtá Fatai nínú kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n fetí sí bí okùn ti ń sọ dò, re, mí; wọn yóò lóye àmì ohùn ju bí a ti ń fi ẹgba kọ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù wọn lọ bèèrè nílé pé, "Ta ni ó ń lùlù, tàbí tí ó ń ta gìtá, ní àdúgbò wa nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni náà bá wà láàyè, kí wọ́n lọ kí i.