Ọkọ̀ Tí Ń Mu Omi Lójoojúmọ́

Bí ẹ bá wọ Àgọ́-Àrẹ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó rí i lágbàlá àwọn tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́: bàbá á ṣí bọ́néẹ̀tì, ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì wá, wọn á bu omi kún rédíétọ̀, wọn á sì gbéra. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́rin. Peugeot 504 ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, mo máa ń ní, "Ó ti dàgbà ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Ara mi ni mo ń tàn. Omi rédíétọ̀ kò dà bí epo tí ọkọ̀ ń jó. Yíyí ni ó ń yí: pọ́ǹpù á tì í gba ara ẹ́ńjìnì kọjá, á gba ooru ibẹ̀, á sì padà sínú rédíétọ̀ kí atẹ́gùn lè tù ú. Ọkọ̀ tí ń béèrè omi lójoojúmọ́, omi náà ń gba ibì kan jáde ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. À ń gbé ìyá ìyàwó mi, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Nítorí ìkánjú, n kò bu omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo rí i pé gééjì ooru ti lọ sókè pátápátá, mo ní kí n ṣáà máa rọra sáré lọ nítorí Màmá. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi kú. A gbé Màmá sí abẹ́ igi, mo sì fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, mo ṣí i. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún mi títí di òní. Ọlọ́kadà kan tí ó ń kọjá ni ó gbé Màmá dé ilé ìwòsàn, tí ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdérí yìí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń rán láti lọ ṣí i. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n ooru 100. Ìdérí tí ó le dáadáa a máa tẹ omi mọ́lẹ̀, tí yóò fi gbóná kọjá 100 láìhó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà náà, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí yín lójú. Ẹ dúró títí ọwọ́ yóò fi lè gbé orí rédíétọ̀. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì gbígbóná, ó lè sán.

Arákùnrin kan sọ fún mi pé ọ̀tá ló wà nídìí ọkọ̀ náà, kí a gbàdúrà. A gbàdúrà. Ẹlòmíràn ní kí n da ata gígún sí rédíétọ̀, pé yóò dí ihò. Òótọ́ ni pé ó lè dí ihò, ṣùgbọ́n ó tún ń dí àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà.

Mẹ́káníìkì ni ó bi mí pé, "Ẹ má bínú, Pásítọ̀ sà, ṣé ẹ ti wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ yìí rí?" Mo ní kò sí omi níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ oníyanrìn ni àgbàlá wa, ó ti ń fa omi náà mu. Ó bu omi kún un, ó tẹ́ páálí gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ibi tí ó tutù wà lábẹ́ pọ́ǹpù gan-an. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pá pọ́ǹpù. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Àwọn kan a máa fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà. Ẹ má ṣe é o, omi á yí padà sínú bẹ́ríìnì, á sì bà á jẹ́.

Kì í ṣe pọ́ǹpù nìkan ni í jò. Ẹ tẹ àwọn rọ́bà omi wò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù: èyí tí ó ti sán tàbí tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń jò tí ó sì ń gbẹ, a máa fi ìlà funfun tàbí ti ìpẹtà sílẹ̀. Rédíétọ̀ onídẹ ṣe é fi òjé jó. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ike kò ṣe é jó bẹ́ẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ bá tutù nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ wo ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná, tí àwa kì í lò níhìn-ín. Omi ẹ́ńjìnì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Èyí tí ó burú jù ni èyí tí páálí gbẹ síbẹ̀ tí omi ń dín. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dà bí tíì oní-mílíìkì, tàbí tí èéfín funfun kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ má wà á mọ́.

Tèmi di méjèèjì. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì 504, ooru ọjọ́ náà sì ti tẹ̀ ẹ́. Owó pọ́ǹpù nìkan ni ǹ bá san ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo san ti pọ́ǹpù, ti gáàsíkẹ́ẹ̀tì, àti ti ẹni tí ó gé orí ẹ́ńjìnì náà gún.

Màmá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ náà ni mo fi lọ gbé wọn wálé. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ṣé o ti bu omi sí i?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Mo ṣí i wò láàárọ̀, kò dín."