Ejò Tí Kò Ní Oró

Bí ìyá kan bá ń wú ẹ̀gẹ́ ní oko Ìbefun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí nǹkan dúdú kan wọ́ jáde lábẹ́ ebè, igbe kan ṣoṣo ni yóò ké: "Ejò!" Kó tó pa ẹnu dé, ẹnìkan ti fa àdá yọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú ejò tí í ṣe.

Òwe wa pàápàá kò gbèjà wọn. Ọká ló ṣíwájú, sèbé tẹ̀ lé e, òjòlá ń wọ́ tuurutu bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn olókìkí nìkan ni òwe ń dárúkọ. Àwọn kéékèèké tí kò ní oró rárá pọ̀ nínú igbó Ìjẹ̀bú, ẹ̀ṣẹ̀ ọká àti sèbé ni wọ́n sì ń kú sí. Ó máa ń dùn mí.

Ẹ wo èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní olórí méjì. Orí kan ló ní. Ìrù rẹ̀ ló rí kùmúkùmú bí orí, tó fi ṣòro láti mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í sábà gùn ju mítà kan lọ, ara rẹ̀ dúdú mọ́ pupa bí ewé tó ti rà. Calabaria ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti ara orúkọ ìlú Calabar. Bí o bá fọwọ́ kàn án, kò ní bù ọ́ jẹ. Yóò ká jọ rogodo bí ọsàn, yóò ki orí bọ àárín, yóò wá máa mi ìrù lókè bí ẹni pé orí nìyẹn. Inú ihò eku ló ti ń wá oúnjẹ, àwọn ọmọ eku tí kò tíì lajú ló sì ń jẹ. Bí ìyá eku bá gbéjà kò ó, ìrù ló máa ń kọ sí i. Ìdí nìyí tí ìrù ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kún fún àpá. Eku tó ń jẹ àgbàdo wa lóko ni ejò yìí ń bá wa dín kù, àwa sì ń bẹ́ ẹ lórí.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹyin ẹyẹ nìkan ló ń jẹ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní eyín lẹ́nu. Yóò la ẹnu títí yóò fi gbé ẹyin tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ mì, eegun tó yọ sọ́nà ọ̀fun rẹ̀ yóò fọ́ ọ, yóò gbé omi rẹ̀ mì, yóò sì pọ èèpo jáde. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́ kó lè dún ṣììì bíi paramọ́lẹ̀. Ariwo yẹn nìkan ni ohun ìjà rẹ̀.

Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà kan wà ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì tó jẹ́ ti erè kékeré tí kò ní oró. Bí ọ̀kan bá jẹ̀ wọ ilé onílé, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé e padà. N kò ní kí ará Ìbefun máa bọ ejò. Àmọ́ àwọn ará Ouidah mọ tiwọn yàtọ̀ sí ọká, ìyẹn ló wù mí fún wa.

Síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ kò mọ̀. Ejò afọ́jú tó jọ ekòló, tó ń jẹ ikán àti ọmọ èèrà, kò lè ṣe yín ní nǹkan. Ṣùgbọ́n dúdú kékeré mìíràn ń gbé inú ilẹ̀ bíi tirẹ̀ tó ní oró, eyín rẹ̀ sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, tó fi lè gún ẹni tó di ọrùn rẹ̀ mú. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó bá sì ká jọ rogodo lábẹ́ ebè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdá sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ebè mìíràn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò lọ.