N52 Kọ́ Ló Yẹ Níbi Gbogbo

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní físíìsì nígbà kan gbé páálí kan wá bá mi nílé. Òòfà mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀. Inú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí atẹ́gùn ń yí ló ti tú wọn, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún oko adìẹ rẹ̀. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó tó rà wọ́n. "Prof, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. N52 ni mo sanwó fún, àmọ́ wọn ò lágbára mọ́."

Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìjì jà ni, tí wáyà inú ẹ̀rọ náà gbóná débi pé òórùn jíjó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Háà! Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún un má jẹ̀bi rárá.

Neodymium, irin àti boron ni wọ́n fi ń ṣe irú òòfà yìí. Masato Sagawa ní Jàpáàn àti John Croat ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀, kálukú lọ́tọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. N dúró fún neodymium. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí agbára tó wà nínú òòfà náà ṣe lè pọ̀ tó. Èyí tí à ń rí jù lọ́jà bẹ̀rẹ̀ láti N35 títí dé N52.

Ẹ má rò pé N52 fi ìlọ́po ju N42 lọ o. Bí N42 bá gbé kílò 4, N52 tó rí bákan náà, tó sì tóbi bákan náà, á gbé nǹkan bíi kílò 5. Ẹni tó bá ní àyè, kó kúkú ra N42 tó nípọn jù ú lọ.

Lẹ́tà tó ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, òun ló sì ń sọ ibi tí òòfà lè fara da ooru dé. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, 80°C ni; N52 mìíràn kì í tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. M jẹ́ 100°C, H 120, SH 150, UH 180, EH 200. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ gan-an lè tètè juwọ́ sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ooru tí kò bá kọjá ààlà ń dín agbára rẹ̀ kù fúngbà díẹ̀ ni; tó bá ti tutù, á padà bọ̀ sípò. Àmọ́ tó bá kọjá ààlà, apá kan ti lọ nìyẹn, ì báà tutù bíi yìnyín, àfi kí wọ́n tún fi agbára iná ńlá sọ ọ́ di òòfà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe gbogbo rẹ̀ ní EH? Dysprosium ni wọ́n sábà máa ń fi kún un kó lè fara da ooru. Ó wọ́n, ó sì ń dín agbára fífà kù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi sábà máa ń wálẹ̀ bí lẹ́tà ṣe ń gòkè.

N42SH ni mo ní kó wá fún jẹnẹrétọ̀ náà. Mo tún ní kó rí i pé nickel tí wọ́n fi bò ó kò bó, torí òòfà yìí máa ń dípẹtà kíákíá. Àwọn ti àtijọ́ ṣì lè di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mú, N35 náà ì bá tó fún irú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọmọdé wà nílé yín, ẹ tì wọ́n mọ́ ibi tọ́wọ́ wọn ò lè tó. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn, wọ́n á sì há ìfun rẹ̀ sáàárín. Ẹ má dúró kó yàgbẹ́ ẹ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.