Ìtọ́jú Ètò Orí Ìkànnì Nínú Àkáǹtì Àjọlò: Ọ̀ràn Dátà Ẹ̀ka-Èdè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ìfáárà

Ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ ní Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ti gúúsù ìlà-oòrùn. Ìró gh ṣì wà nínú rẹ̀, fáwẹ̀lì u sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tí ó múlé ti Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i: àdúgbò kan wà ní Ìdóànì tí ó ń sọ Ìyáyù, èdè tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ẹbí èdè Ẹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba oríkì, àlọ́ tàbí orúkọ sílẹ̀ ní agbègbè yìí ti kó ohun tí ó lè má ṣeé tún rí gbà, nítorí pé àgbà tí ó sọ ọ́ lè má sí mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀.

Gbígbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára kì í ṣe ohun tuntun. Àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọdún 2016, YorubaName, jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ni ìṣòro. Ojú-ewé ìkànnì lásán dà bí pátákó ìfilọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni yóò máa fi hàn. Ètò orí ìkànnì ní tirẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú àká-dátà, ó sì ń wá a jáde nígbà tí wọ́n bá béèrè. Owó tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ sì sábà máa ń rí ná kì í ra ju àkáǹtì àjọlò lọ.

Ilé ayálégbé, kànga kan

Nínú àkáǹtì àjọlò, sáfà kan ṣoṣo ni ó ń gbé ìkànnì ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà. Ó dà bí ilé ayálégbé tí gbogbo yàrá ń fa omi nínú kànga kan. Kí ẹnì kan má baà fa kànga gbẹ, onílé dá ìwọ̀n lé ohun tí yàrá kọ̀ọ̀kan lè lò: agbára ìṣírò, ìrántí ẹ̀rọ, iye iṣẹ́ tí ó lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àti iye fáìlì. Eléyìí tí ó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Ètò tí kì í nu àwọn fáìlì kéékèèké tí ó ń dá sílẹ̀ fún olùlò kọ̀ọ̀kan lè kún ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí àyè ṣì pọ̀ lórí dísìkì.

Bí olùkọ́ bá ní kí gbogbo kíláàsì wọlé láago mẹ́wàá láti wá òwe kan náà, nọ́ńbà 508 lè yọ lójú ẹ̀rọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àkáǹtì náà ti kọjá ìwọ̀n. Kì í ṣe pé ètò náà bàjẹ́. Kí wọ́n tọ́jú èsì tí wọ́n ń béèrè lemọ́lemọ́ dípò kí ètò máa ṣe ìwákiri tuntun, kí wọ́n sì fún ohùn oríkì tí wọ́n gbà sílẹ̀ pọ̀, nítorí ohùn ni ó ń jẹ àyè jù.

Sáfà náà kì í sábà sí nítòsí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní agbègbè etíkun Ivory Coast. Ilé ìfowópamọ́ àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà pàápàá kò rí ọ̀nà lọ dáadáa. Ètò tí sáfà rẹ̀ wà lókè òkun lè wà láàyè pérépéré ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí ó wà ní Ìdóànì má sì lè dé ibẹ̀.

Àmì ìbéèrè àti àwọn àmì àjèjì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá gan-an nìyí. MySQL, àká-dátà tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àkáǹtì àjọlò, kò fi utf8mb4 ṣe ìlànà àbáláyé rẹ̀ títí di ẹ̀dà 8.0 ní ọdún 2018. Latin1 ni ó ń lò ṣáájú, latin1 sì mọ à àti é, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Nínú UTF-8, báìtì 11 ni Ọ̀wọ̀ ń gbà. Owo tí kò ní àmì ń gba 3 péré.

Oríṣi ìbàjẹ́ méjì ni ó ń tìdí èyí yọ, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí á» bá ń hàn níbi tí ó yẹ kí ọ wà, báìtì náà sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kà á ní ìlànà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àmì ìbéèrè ni wọ́n kọ sínú àká-dátà, ọ ti lọ. Ọ̀wọ̀, ọwọ́, ọ̀wọ́ àti ọwọ̀ di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yà sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ̀dá ìgbàlà kan ṣoṣo tí ó kù ni ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ṣe kí ìbàjẹ́ tó dé.

Utf8mb4 nìkan kò sì parí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ìfiwéra tí MySQL 8.0 ń bá wá kì í ka àmì sí: owó àti ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ ọ̀wọ̀ nítorí pé owó ti wà níbẹ̀. Ìfiwéra tí ń ka àmì, bí utf8mb4_bin, ni ó yẹ atúmọ̀-èdè. Kí wọ́n sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan kí ó tó wọlé, torí pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà kọ ọ: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, tàbí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀rọ rí i.

Ohun tí ń yí padà lẹ́yìn onílé

Olùgbàlejò ìkànnì a máa sọ PHP, èdè tí ọ̀pọ̀ irú ètò yìí fi ń ṣiṣẹ́, dọ̀tun. PHP 7.0, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá 2015, yọ àwọn iṣẹ́ mysql_ àtijọ́ kúrò pátápátá. Àtìlẹ́yìn fún 5.6 sì parí ní òpin ọdún 2018. Iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní 2010 lè jí lọ́jọ́ kan kí ó má fi nǹkan kan hàn ju ojú funfun lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n dán ẹ̀dà tuntun wò lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ṣáájú ni ó sàn jù.

Orí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni ó yẹ kí ẹ̀dà ìpamọ́ àká-dátà máa dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wà lórí dísìkì tí kò so mọ́ ọn. Ẹ̀dà tí wọn kò tíì gbìyànjú láti dá padà rí kò tíì di ẹ̀dà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i pẹ̀lú Excel kí ó sì tẹ ìtọ́jú, ibẹ̀ ni á» ti ń di ohun tí a kọ sílẹ̀ ní tòótọ́. Bí orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn abẹ̀nà-ìmọ̀ bá wà nínú rẹ̀, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà.

Ó ku orúkọ ìkànnì. Àjọ NiRA ni ó ń bójú tó .ng; .edu.ng wà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, .sch.ng sì wà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ímeèlì tí ìkìlọ̀ sísan owó ọdọọdún ń bọ̀ sí jẹ́ ti ọ́fíìsì, kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ ètò náà tí ó sì ti gba iṣẹ́ lọ sí Èkó.