Gìrì tó ń gbé aboyún: Kì í ṣe ọwọ́ ayé o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni!

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi eré. Ẹsẹ̀ aboyún á wú, ojú náà á wú, orí á wá máa fọ́ ọ gidi gan-an. Ìyá ọkọ á ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre, ọmọ ọkùnrin lo máa bí." Àfi lóru ọjọ́ kan tí gìrì bá gbé e, nígbà náà ni gbogbo ilé á figbe ta pé ayé ti ṣe é.

Ayé kọ́ o. Pre-eclampsia làwọn dókítà ń pè é. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún dé 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún rí èròjà purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré nìyẹn. Ẹni tó lóyún àkọ́kọ́, ẹni tó ti lé lógójì ọdún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tó lóyún ìbejì ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Ìbejì sì rèé, ọmọ tiwa ni!

Oòrùn ń kọ́?

Oòrùn ló ń jẹ́ kí ara wa ṣe vitamin D. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tó jáde nígbà tílẹ̀ ti ṣú, oòrùn wo ló fẹ́ rí? Àwọn olùwádìí ti rí i pé àwọn aboyún tí vitamin yìí kéré lára wọn ló máa ń ní wàhálà ẹ̀jẹ̀ ríru yìí jù.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má tíì sáré lọ sílé oògùn o. Lọ́dún 2020, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kì í ṣe gbogbo aboyún ló yẹ kí wọ́n máa fún ní vitamin D, nítorí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni kálísíọ̀mù fáwọn aboyún níbi tí oúnjẹ wọn kò ti ní in tó, àti ásípírìnnì díẹ̀ fẹ́ni tí ewu rẹ̀ pọ̀, bí dókítà bá sọ pé kó lò ó. Ẹja Titus, sáàdíìnì àti ẹyin ní vitamin D nínú, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má jẹ wọ́n.

Abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là

Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 33 tó kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín gìrì yìí kù tó ìdajì. Ọsibítù ni wọ́n ti ń gún un, kì í ṣe inú ilé.

Nítorí náà, kí aboyún rí i pé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ òun wò, nígbàkúùgbà tó bá lọ fún ìtọ́jú. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, tójú ń ṣe bàìbàì, tàbí tókè ikùn ń dùn ún, ọsibítù ló kàn. Kódà lẹ́yìn tó bá bímọ tán, gìrì náà ṣì lè dé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù tan ìyàwó yín o. Owó ọkọ̀ dé ọsibítù kò lè tó owó pósí láéláé.